Ẹlẹ́rìí Àbàtà Ìròmi

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àjẹ̀ sókè."

Tìmẹ́yìn gbé e sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀, ó jẹ́ kó lu etí ọkọ̀ gbàà. Ariwo náà bá ojú omi lọ. Nínú eèsún tó wà níwájú wọn, nǹkan kan na ọrùn gàgà, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì tún rì mọ́lẹ̀. Ohun tí Ìbídùn rí kò ju fìrí lọ: adé kan bí okùn wúrà, tó tàn lórí koríko, tó sì pòórá.

Ìlẹ̀kẹ̀ ẹlẹ́rìí tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Alóre, ẹ̀rọ olùṣọ́ tó ń fò, ti ń bọ̀ nìyẹn.

"Kí lo rí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Mi ò tíì mọ̀."

"Irọ́ lo ń pa. Ojú rẹ ti sọ ọ́."

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ilé orí omi kan náà ni wọ́n sì dàgbà sí ní Ẹ̀bútẹ́-Ìsinmi. Ìbídùn ni olùṣọ́ ẹyẹ Àbàtà Ìròmi. Tìmẹ́yìn ni ẹnu ìlú, ẹni tí wọ́n máa ń rán lọ bá àlejò sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ bá le. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun yóò tukọ̀ fún àbúrò òun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìbídùn ti rò pé ìfẹ́ ni. Ìgbà tó rí àdá lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ni ọkàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kámikàmìkámi.

Láti ẹnu odò, níbi tí àbàtà ti pàdé òkun, ọkọ̀ afayanrìn ń kùn. Láti àárọ̀ ló ti dúró síbẹ̀ bí ajá tí wọ́n so mọ́ èèkàn, tó ń wo ọwọ́ ẹni tí yóò tú u sílẹ̀.

"Oòrùn ò ní pẹ́ wọ̀," Tìmẹ́yìn sọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀ báyìí, bíi ti ẹni tó ń tu ọmọdé nínú. "Jẹ́ ká padà sílé. Bó bá ti wọ̀ láìsí ẹlẹ́rìí tó rí ìtẹ́ kankan, òfin tó ń ṣọ́ àbàtà yìí ti kú nìyẹn. Ọkọ̀ á wọlé, yóò gbé yanrìn fún wa, ilẹ̀ wa á ga, òkun ò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Alóre ti rí nǹkan láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n wá fi ojú lásán wò ó."

"Òun tí ojú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pẹ òyìnbó lọ! Kí ló fẹ́ fi ojú tìrẹ ṣe?"

"Ẹ ti gbàgbé ẹyẹ onírin tí àwọn kan tò sórí igi ní òkè odò lọ́hùn-ún? Ó ń fò, ó ń kọrin, Alóre sì gbà á gbọ́. Wọ́n fi irọ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ kò ti lè dá nǹkan ṣe mọ́, àfi kí èèyàn ẹlẹ́ran ara fojú rí i, kó sì fẹnu sọ ọ́."

"Mo rántí. Ìwọ náà, rántí ìlú Odò-Ajé." Tìmẹ́yìn sún mọ́ ọn, ọkọ̀ sì mì. "Ìtẹ́ ẹyẹ kan ṣoṣo ni, Ìbídùn. Ẹnì kan lanu pé òun rí i. Alóre ri òpó ìdákẹ́ yí ibẹ̀ ká, gbogbo ẹ̀rọ tó wà ládùúgbò náà sì kú fin-ín. Ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi wọn kú. Ta ló lè mu omi òkun? Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí ìlú fi tú ká. Àwọn kan ń sùn lábẹ́ afárá títí dòní."

Ìbídùn mọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń sùn lábẹ́ afárá náà.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ti lé Yèyé kúrò nílé," Tìmẹ́yìn tẹ̀síwájú. "Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Níbo lo fẹ́ kí n tún gbé wọn lọ? Sọ pé lékelèké lo rí. Tàbí kó o sọ pé o ò rí nǹkan kan. Kò sí ìjìyà lórí ẹni tí kò rí."

Òótọ́ ni. Ohun tó ń ba Ìbídùn lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bó bá ní òun kò rí nǹkan, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láyé àfi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Níbo ni wọ́n ti máa gbé yanrìn tí wọ́n fẹ́ fi gbé ilẹ̀ wa ga?" ó bi í.

"Inú àbàtà."

"Àbàtà tó ń gba ìgbì òkun sí àyà kó má baà dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó wó ògiri ilé rẹ̀ kó lè fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ pèpéle, níbo ló fẹ́ sùn tí òjò bá dé?"

"Èmi ni mo bá àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn sọ ọ́! Èmi ni mo fi àtàǹpàkò mi tẹ ìwé àdéhùn lójú gbogbo ìlú." Ojú Tìmẹ́yìn ti pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àdá yọ. "Ó dáa. Ibi tí kò bá sí ẹyin, kò sí ìtẹ́. Ibi tí kò bá sí ìtẹ́, òpó ò ní wọlẹ̀ níbẹ̀."

Kí Ìbídùn tó na ọwọ́, Tìmẹ́yìn ti bọ́ sínú omi.

Ẹrẹ̀ mú un dé orúnkún, ṣùgbọ́n ọmọ omi ni, ó mọ bí a ṣe ń fa ẹsẹ̀ yọ lẹ́rẹ̀. Ìbídùn bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Omi tutù náà gun ìbàdí rẹ̀. Ewé òṣíbàtà ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, eèsún ń ya á lápá, ó sì ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kékeré, nítorí àtikígbe ń bà á lẹ́rù. Lọ́rùn rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ti gbóná débi pé ó ní láti fi ọwọ́ kan mú un kúrò lára awọ.

Nígbà náà ni ẹyẹ ọ̀hún dìde dúró.

Ìbídùn kò rí irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni baba rẹ̀ tó kọ́ ọ nímọ̀ ẹyẹ kò rí i títí ó fi kú. Orí ẹrẹ̀ ni baba náà ti máa ń fi ìka yà á fún un, tí yóò sì ní, "Ẹni tó rí èyí ti rí ọba." Ó ga tó ọmọ tó ti ń lọ ilé ìwé. Ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun lókè, ó pupa nísàlẹ̀ bí ẹni pé ó kun osùn. Ó na ìyẹ́ méjèèjì, funfun abẹ́ rẹ̀ sì là gbàrà. Kò sá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú Tìmẹ́yìn, ó la ẹnu, ó sì ké. Igbe náà jin, ó wúwo, bí ìgbà tí èèyàn bá fun ìwo nínú àgbá. Láti ẹ̀yìn eèsún, èkejì rẹ̀ dáhùn, ó fò wá, ó sì balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àdá wà lókè ní ọwọ́ Tìmẹ́yìn. Ibẹ̀ ló wà.

Ó lè gé ọrùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ọrùn tín-ínrín ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gé igi tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbídùn rí i tí èjìká rẹ̀ gbéra, ó rí i tó mí sínú, ó sì rí i tí apá náà kọ̀ tí kò wálẹ̀. Ẹyẹ náà sún mọ́ ọn sí i. Tìmẹ́yìn gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Kí ló dé tí kò sá?" ó bi àbúrò rẹ̀. "Sọ fún un kó sá!"

"Ilé rẹ̀ ni."

Òkè wọn dún hùùù. Alóre ti dé. Kò tóbi ju igbá ẹ̀kọ lọ, dúdú, olójú káàkiri ara, ó sì dúró sójú kan lófuurufú bí àṣá tó ń wo òròmọdìẹ. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìkíni. Àwọn àgbà ìlú ti bínú sí i títí, ó ti sú wọn.

"Ẹlẹ́rìí," ó ní. "Kí ni o rí?"

Tìmẹ́yìn yíjú sí Ìbídùn. Ó kàn ń mi orí díẹ̀díẹ̀, omi ojú sì ti kún ojú ọkùnrin náà tí kò sunkún nígbà ìsìnkú baba wọn.

Ìbídùn wo ẹyin méjì tó wà lórí koríko títẹ̀ náà. Ó ronú kan ife kékeré tí Yèyé fi ń mu omi àárọ̀. Ó ronú kan àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń tò sẹ́nu ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ìkòkò lórí. Lékelèké. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì rọrùn lẹ́nu. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, kò sì jáde. Ó tún gbìyànjú. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni bí ilẹ̀ abẹ́ ilé wọn àtijọ́ ṣe rọra ń wó sínú òkun, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé igi etí omi ibẹ̀ tán, tí gbogbo èèyàn sì ń sọ pé kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀.

"Agùfọn ni," ó ní. "Akọ kan, abo kan. Wọ́n ń sàba. Mo fi ojú mi rí i."

"Ojú méjì ti rí i, tèmi àti tìrẹ," Alóre dáhùn. "Òpó ìdákẹ́ yóò wọlẹ̀. Yàtọ̀ sí èmi, ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ dún níbi tí igbe ẹyẹ náà bá dé, títí ọmọ rẹ̀ yóò fi fò. Ẹlẹ́rìí ni yóò ṣọ́ ọ. Àwọn tó bá ń jẹ nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú ẹlẹ́rìí lè dúró tì í. Àwọn yòókù yóò jáde kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀."

Àwọn òpó náà já bọ́ láti ojú ọ̀run níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ri sínú ẹrẹ̀ yíká àbàtà. Lẹ́nu odò, ọkọ̀ afayanrìn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohun mìíràn tún dákẹ́ láti ọ̀nà ilé, ìró kan tí wọ́n ti gbọ́ láti kékeré débi pé wọn ò gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi ìlú ni.

Tìmẹ́yìn ju àdá sínú omi. "O ti pa wá," ó ní. Ó gun ọkọ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sílé.

*

Gbogbo Ẹ̀bútẹ́-Ìsinmi ti jáde sórí afárá onípákó tó so ilé mọ́ ilé. Wọ́n là sọ́tùn-ún sósì fún Ìbídùn, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn bá a dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ yìí, tó bá mi yan orúkọ fún ọmọ mi? Omi wo ni kí n fún un mu lọ́la?"

Ìbídùn kọjá lára rẹ̀.

Yèyé jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé, ẹsẹ̀ tó wú náà nà síwájú. Tìmẹ́yìn ti ṣáájú dé ibẹ̀, ó ti rojọ́ tán. Yèyé kò pariwo. Ojú omi ni wọ́n ń wò.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́," Ìbídùn kúnlẹ̀. "Agùfọn ni. Mi ò lè pè é ní nǹkan mìíràn."

"Mo gbọ́ igbe rẹ̀. Ìyá ìyá mi máa ń sín in jẹ fún wa. Mo rò pé ó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni." Wọ́n yíjú sí Ìbídùn. "O ò gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni kó o tó fi ilé wa sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà, kí ló wí gan-an? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, má fi tìrẹ kún un."

Ìbídùn ka á lọ́rọ̀ kan lọ́rọ̀ kan. Nígbà tó dé ibi ìkòkò, Yèyé gbé ọwọ́ sókè.

"Ó sọ bí ìkòkò náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?"

"Kò sọ ọ́, Yèyé."

"Ó sọ iye èèyàn?"

"Kò sọ iye."

Yèyé wo ojú sánmà, tí ìkùukùu òjò ti ń ṣú bọ̀ láti orí òkun. "Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Òrùlé sì pọ̀ tá a lè fi gba omi rẹ̀. Ẹ lọ bá mi gbé agbada tí a fi ń se epo àgbọn."

"Ìbídùn ò kúkú lè sọ fún Alóre pé ará ilé òun ni gbogbo wa?" ẹnì kan bi wọ́n láti inú èrò.

"Bí mo bá parọ́ kan péré," Ìbídùn dáhùn, "gbogbo ẹ̀rí mi ti di òfo. Ti agùfọn náà á bá a lọ, ọkọ̀ afayanrìn á sì padà wá. A gbọ́dọ̀ jẹ nínú ìkòkò kan náà ní tòótọ́."

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà. Ní ìdájí, àwọn ìdílé mélòó kan tó ní ọmọ ọwọ́ di ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n sì fi àjẹ̀ tukọ̀ lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Obìnrin ọlọ́mọ àná wà lára wọn. Àwọn tó kù se ẹja, wọ́n se akàn, ẹni tó ní ata mú ata wá, ẹni tó ní òkèlè púpurú gbé e wá. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, agbada náà ń hó lórí pèpéle ilé Yèyé, èéfín rẹ̀ sì bo afárá.

Alóre sọ̀ kalẹ̀ wá sínú èéfín náà. Wọ́n ń jẹ, ó ń wò. Ọwọ́ ń wọ agbada, ọwọ́ ń jáde: ọwọ́ arúgbó, ọwọ́ apẹja tó ti le bí èèpo igi, ọwọ́ àwọn tó ti bú Ìbídùn lánàá tí wọn ò sì tíì dárí jì í. Ó ń béèrè lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, Ìbídùn sì ń dáhùn pé, "Ó jẹ nínú ìkòkò mi. Ará ilé mi ni."

Ó ku ẹnì kan. Tìmẹ́yìn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀, ní òdìkejì afárá, apá rẹ̀ méjèèjì ká mọ́ àyà.

"Ọmọ mi, wá jẹun," Yèyé ké sí i.

"Mi ò jẹ."

"Nítorí Ọlọ́run, Tìmẹ́yìn."

"Yèyé, ilé mi rè é. Mo fi ọwọ́ mi ri òpó rẹ̀. Mi ò ní kúrò níbẹ̀ nítorí ẹyẹ, mi ò sì ní wá fi ọwọ́ tọrọ ààyè nínú ìkòkò ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi."

Alóre yí padà, ó sì kọjú sí i. "Ẹlẹ́rìí. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn, ṣé ará ilé rẹ ni?"

Gbogbo ọwọ́ dúró. Ìbídùn mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e bó bá ní rárá. Ó ti rí bí Alóre ṣe ń lé èèyàn jáde, pẹ̀lú ìró kan tí etí ò lè gbà, títí onílé yóò fi fúnra rẹ̀ sáré bọ́ sómi.

"Dá a lóhùn," Tìmẹ́yìn sọ láti òkèèrè. "Ṣebí ìwọ lo mọ òótọ́ í sọ."

"Ẹlẹ́rìí. Ará ilé rẹ ni?"

Ìbídùn dìde. Ó gba orí afárá kọjá, pákó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, Alóre sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹ orúnkún kan mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń kí i láàárọ̀, ó dìde, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Tìmẹ́yìn kò dí i lọ́nà. Ó dà bíi pé kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Àpọ́n ni Tìmẹ́yìn, ara rẹ̀ ló ń dáná fún. Ìkòkò rẹ̀ wà lórí ààrò tútù, ọbẹ̀ àná tó kù lẹ́yìn tó jẹ tàárọ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, epo ti dì lójú rẹ̀. Ìbídùn ṣí i. Ó lóṣòó tì í, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bu ẹja, ó sì fi sẹ́nu. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì tún bu òmíràn.

Alóre dúró lójú fèrèsé.

"Ìkòkò ẹ̀gbọ́n mi nìyí," Ìbídùn sọ fún un. "Ó jẹ níbẹ̀ láàárọ̀. Èmi náà ti jẹ níbẹ̀ báyìí. Ìkòkò kan náà ni. Ará ilé rẹ̀ ni mí."

Ẹ̀rọ náà ń dún hùùù. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìbídùn fi gbọ́ ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ lórí òrùlé, àti èkejì. Lẹ́yìn náà, láì lé ẹnikẹ́ni jáde, ó gbéra, ó sì fò padà sí ọ̀nà àbàtà.

Tìmẹ́yìn ti wọlé. Ó dúró lórí àbúrò rẹ̀, ó ń wo epo tó ti ràn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. 

"O ò fọ ọwọ́," ó wí.

Ó mú igbá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jáde lọ gbé e sábẹ́ etí òrùlé, ó sì dúró sínú òjò títí ó fi kún.